Níbi Tí Wọ́n Sùn Sí: Gilberto Gil, Marilyn Nance àti Àgọ́ FESTAC

Tí ẹnìkan bá sọ pé òun lọ síbi ayẹyẹ orin, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo wa ni, "Ta ló kọrin?" A ò sọ pé ìbéèrè yẹn burú. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn wà tó máa ń tú àṣírí ayẹyẹ jù ú lọ: "Níbo lẹ sùn sí?" Ẹni tó kọrin, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó. Ẹni tí ẹ jọ pín ẹní, ohun tí ẹ jẹ láàárọ̀, orin tí ẹ kọ nígbà tí kò sí ẹni tó sanwó láti gbọ́ ọ, ìyẹn kì í sí lára pátákó kankan.

Ìbéèrè kejì yìí la fẹ́ fi wo ayẹyẹ kan àti iṣẹ́ ọnà méjì tó ti inú rẹ̀ jáde. Ayẹyẹ náà ni FESTAC '77. Iṣẹ́ kìíní ni Refavela, álíbọ́ọ̀mù tí Gilberto Gil ará Brazil gbé jáde lọ́dún 1977. Ìkejì ni Last Day in Lagos, ìwé àwòrán Marilyn Nance tó jáde lọ́dún 2022. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: lójú tiwa, ohun tó dára jù tí FESTAC bí, inú àgọ́ ló ti wá, kì í ṣe orí ìtàgé. Àwa tí à ń gbé nínú àgọ́ yẹn lónìí la ò sì tíì sọ tiwa.

Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ àríyá

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí àwọn kan nínú wa dàgbà ní Festac láì mọ̀ pé orúkọ ìlú wọn ní ìtumọ̀. FESTAC ni ìkékúrú orúkọ ayẹyẹ àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì fún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú. Èyí àkọ́kọ́ wáyé ní Dakar lọ́dún 1966. Nàìjíríà ló yẹ kó gba àlejò èyí tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ogun abẹ́lé dé, ìfipágbàjọba náà dé, wọ́n ń sún ọjọ́ síwájú ṣáá. Ìgbà tí ó fi máa ṣeé ṣe, owó epo rọ̀bì ti kún àpò ìjọba. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn olórin, oníjó, òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó tó 16,000 láti orílẹ̀-èdè 56 ya bo ìlú Èkó.

Ibo la fẹ́ kó 16,000 àlejò sí? Ìdáhùn ìjọba ni pé wọ́n kọ́ ìlú tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Badagry, ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí. Ilé tó lé ní 5,000 ló wà nínú ètò náà. Abúlé FESTAC ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán, wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, abúlé di ìlú. Ìlú mélòó lẹ mọ̀ láyé yìí tó ń jẹ́ orúkọ àríyá?

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ kóòdù, àdírẹ́sì Festac máa ń dùn mọ́ wa. Tí ẹ bá gbọ́ 41 Road, ẹ ti mọ̀ pé 4th Avenue ló bọ́ sí. Tí ẹ bá gbọ́ 512 Road, ẹ kọrí sí 5th Avenue. Nọ́ńbà tó ṣáájú ló ń tọ́ka sí òpópónà ńlá, lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà á wá sọ iye ẹsẹ̀ tó kù: A Close, B Close, C Close. Ẹ̀rọ lè ka àdírẹ́sì yẹn láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó mọ́, ó sì wà létò. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé nọ́ńbà kì í rántí ènìyàn. Ẹ rìn láti First Gate dé 7th Avenue, nọ́ńbà lásán lẹ máa bá lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ pátákó ojú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè fura pé ibùsùn olórin ni ilẹ̀ tóun ń tẹ̀.

Àìsùn ni, ẹ̀yin èèyàn wa

Àwọn kan máa sọ pé pípàgọ́ síbi ayẹyẹ orin, àṣà Òyìnbó ni. Wọ́n á ní ẹ wo Woodstock ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, ẹ wo Glastonbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ ni, ó jọ tiwa gan-an. Tí arúgbó bá papòdà nílẹ̀ Yorùbá, àìsùn ló ń ṣáájú ìsìnkú. Èrò á ti Ìbàdàn wá, á ti Ìjẹ̀bú wá, á ti Kútọnu wá. Wọ́n á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, àwọn ọkùnrin á sùn sínú mọ́tò, olórin á máa bá iṣẹ́ lọ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ohun tí àwọn èèyàn máa rántí kì í ṣe orin nìkan. Wọ́n á rántí ìbátan tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n á rántí ẹ̀bà tí ìyá kan tẹ̀ fún wọn ní aago mẹ́ta òru. Àìsùn ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ibi tí wọ́n fi àlejò wọ̀ sí gan-an ni ọkàn rẹ̀.

Ohun tí ìjọba ológun ṣe ní 1977, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, ni pé wọ́n ṣe àìsùn ọlọ́jọ́ 29 fún gbogbo ènìyàn dúdú ayé. Eré tí wọ́n kọ sínú ìwé ètò, Iganmu, Surulere àti Tafawa Balewa Square ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé. Tí eré bá parí, bọ́ọ̀sì á kó àwọn eléré padà sí abúlé. Ibẹ̀ ni ará Brazil ti ń pàdé ará Guinea, tí ará Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ìlù tí kò gbọ́ rí láyé ẹ̀. Iṣẹ́ méjì tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, ọwọ́ àwọn tó rí ilé àti ènìyàn kí wọ́n tó rí iná ìtàgé ni wọ́n ti wá.

Gil rí ilé

Kí Gilberto Gil tó dé Èkó, ó ti mọ ohun tí àgọ́ lè ṣe fún olórin. Lóṣù Kejìlá 1968, ìjọba ológun Brazil gbé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Caetano Veloso sí àtìmọ́lé, nígbà tó yá wọ́n lé wọn kúrò nílùú. London ni wọ́n gbé títí di 1972. Lóṣù Kẹjọ 1970, àwọn méjèèjì kó ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n lọ pàgọ́ síbi ayẹyẹ orin ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù England. Òǹwòran ni wọ́n bá lọ o, orúkọ wọn ò sí lára àwọn tó fẹ́ kọrin. Wọ́n kàn ń lu gìtá nínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ni, ìró orin náà dé etí àwọn tó ń ṣètò, wọ́n bá ní kí wọ́n gòkè wá. Bí wọ́n ṣe ti inú àgọ́ bọ́ sórí ìtàgé nìyẹn.

Fún ìdí èyí, nígbà tí Gil dé Èkó ní 1977, kò yà wá lẹ́nu pé ibòmíràn ni ojú rẹ̀ lọ. Ìjọba fẹ́ kí àlejò wo ilé ìtàgé ńlá tó wà ní Iganmu, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí ní 1976, tí àwọn ará Bulgaria kọ́, tí wọ́n fi gbọ̀ngàn kan ní ìlú Varna ṣe àwòkọ́ rẹ̀. (Láti 2024, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi ń pè é.) Gil wo ilé tí wọ́n ní kó sùn sí. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ibi tí èrò Refavela ti wá nìyẹn: àwọn ilé abúlé FESTAC jọ àwọn ilé tí ìjọba Brazil ń kọ́, tí wọ́n ń kó àwọn tálákà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá lé wọn kúrò ní favela, ìyẹn àwọn àdúgbò onílé jákujàku tó wà lórí òkè Rio.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Ìjọba kan ná owó epo kí àlejò lè wí pé, "Ẹ̀n, Áfíríkà ti débẹ̀." Àlejò dé, ó wo ilé, ó ní, "Mo mọ ilé yìí. Ó wà lọ́dọ̀ wa." Kì í ṣe pé ó ń bú wa. Ohun tí Gil rí ni pé ìjọba ológun méjì tí òkun wà láàárín wọn ti kọ́ irú ilé kan náà fún ènìyàn dúdú, tí àwọn méjèèjì sì pè é ní ìlọsíwájú. Ó wá béèrè nínú álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ pé, tí wọ́n bá ti kó wa sínú ilé onígun mẹ́rin yìí, irú orin wo ló máa jáde látinú rẹ̀? Ìbéèrè tó ṣì bá Festac, Satellite Town àti gbogbo ẹ́sítéètì tó wà lágbègbè wa wí nìyẹn.

Orin mẹ́wàá ló wà nínú Refavela. Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé Gil ò díbọ́n bí ọmọ Èkó. Kò gbé gángan lé gbogbo orin kí a lè mọ̀ pé ó dé Áfíríkà. Nínú orin kan, balafon, ohun èlò onígi tí wọ́n ń lù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú òmíràn, ó gbé orin ẹgbẹ́ Ilê Aiyê kọ, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador lọ́dún 1974, tí orúkọ rẹ̀ ò nílò ògbufọ̀ fún ọmọ Yorùbá kankan. Èyí tó sì máa ń mú kí ara wa bù máṣọ ni "Babá Alapalá". Nínú rẹ̀, ọmọ ń bi bàbá rẹ̀ pé bàbá àgbà dà, ìbéèrè náà á sì máa gòkè láti ìran dé ìran títí yóò fi kan Ṣàngó, Aganjú àti egúngún. Ará Brazil tó ń kọrin lédè Potogí ló ń bá wa béèrè ọ̀nà ilé bàbá wa!

Álíbọ́ọ̀mù náà ní àbùkù, a ò ní fi pamọ́. Ìfẹ́ Gil fún Áfíríkà pọ̀ débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn ológun tó di ìbọn mú lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ó rí wọn, àmọ́ Brazil tó fẹ́ padà sí ṣì wà lọ́wọ́ ológun títí di 1985, ẹnu rẹ̀ ò sì lè gba gbogbo ọ̀rọ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Refavela nìkan máa rò pé àlàáfíà ni gbogbo Èkó wà lóṣù náà.

Caetano náà kó nǹkan lọ sílé. Nínú Bicho, álíbọ́ọ̀mù tirẹ̀ ní 1977, orin kan wà tó ń jẹ́ "Two Naira Fifty Kobo". Ìnagijẹ awakọ̀ tó ń gbé wọn káàkiri Èkó ni. Ẹ wò ó, nínú gbogbo ayẹyẹ yìí, awakọ̀ Èkó kan wọ inú orin tí gbogbo ayé gbọ́. Àmọ́ owó ọkọ̀ ló fi wọ ibẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. A máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nance rí ènìyàn

Ọmọ ọdún 23 ni Marilyn Nance, ọmọ Brooklyn, nígbà tó tẹ̀ lé ikọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Àwòrán tó yà lé ní 1,500. Ẹ rántí pé fíìmù ni wọ́n ń lò nígbà yẹn o, kì í ṣe fóònù tí ènìyàn lè fi ya igba àwòrán kó tó mu ẹ̀kọ tán. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ná owó ni. Ọdún 45 kọjá kí ìwé náà tó jáde, Oluremi C. Onabanjo sì ló ṣe olóòtú rẹ̀.

Àwòrán ńlá ayẹyẹ wà níbẹ̀: ikọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń wọ pápá ìṣeré nínú aṣọ tó ń dán, èrò bí omi. Èyí tí a máa ń ṣí padà sí kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí a máa ń ṣí padà sí ni ti àwọn tí kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n kàn jókòó, tí wọ́n ń dúró de nǹkan, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni pé, "Ṣé ìwọ náà rèé?" Ẹni tí ó bá wá síbi iṣẹ́ tó sì padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ kò lè ya irú àwòrán yẹn. Ó gba kí ènìyàn jọ tò fún omi, kí ẹ jọ dúró de bọ́ọ̀sì kan náà, kí ojú yín ti mọ́ra débi pé wọn ò ní tún aṣọ ṣe mọ́ tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè. Nance kò yọjú wò wọ́n láti ìta. Ará ilé ni.

Ìdí tí a fi gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ju àkójọ àwòrán lásán lọ nìyẹn. Àwọn ìwé mìíràn wà tó dára lórí FESTAC. Andrew Apter kọ èyí tó fi hàn bí owó epo ṣe di àṣà tí ìjọba ń fi hàn aráyé, ó jáde lọ́dún 2005. Chimurenga ní Cape Town kó ìwé àti ìwé ìròyìn ìgbà náà jọ sínú ìwé ńlá kan ní 2019. Àwọn yẹn sọ ohun tí FESTAC jẹ́ fún wa. Nance ló jẹ́ ká mọ bó ṣe rí lára.

Ibi tí a ti fẹ́ bá a jiyàn ni pé ìdùnnú àwọn ará Amẹ́ríkà tó padà wálé pọ̀ nínú ìwé náà débi pé onílé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ẹ̀yìn. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Nance. Ikọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n ní kó yà, ó sì yà wọ́n tìfẹ́tìfẹ́. Àmọ́ òwe wa ni pé àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ẹni tó máa ríran fún un, onílé ni. Onílé wá dà?

Àgọ́ méjì, ìjọba kan

Ibì kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fò kọjá tí a bá ń sọ̀rọ̀ ibi tí olórin ń sùn ní Èkó ọdún 1977. Fẹlá wà nínú ìgbìmọ̀ FESTAC níbẹ̀rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tí ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́, ó ń ṣeré tirẹ̀ ní Shrine, àwọn àlejò abúlé sì ń yọ́ lọ bá a, Gil àti Stevie Wonder wà lára wọn. Ilé rẹ̀ tó pè ní Kalakuta Republic, ẹ wò ó dáadáa, àgọ́ lòun náà. Olórin, oníjó, ọ̀rẹ́, ìyá olórin, gbogbo wọn jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, orin sì ń tibẹ̀ jáde.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ni FESTAC parí. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ìyẹn ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ṣọ́jà ya bo Kalakuta. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀ bí ẹni máa kú, wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti ojú fèrèsé, ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n dáná sun ilé náà. Téèpù orin tó wà nínú rẹ̀ jóná.

Ìjọba kan náà tó kọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ilé kí olórin ayé lè rí ibi sùn ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sun ibi tí olórin tiwọn ń sùn. Tí a bá ń fi ìtàgé díwọ̀n FESTAC, ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì á dà bí ohun tí kò tan mọ́ra wọn. Tí a bá fi ibùsùn díwọ̀n rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ìjọba fẹ́ràn àgọ́ tí òun bá lè fi nọ́ńbà sí, tí ọjọ́ tí àlejò máa lọ bá sì wà nínú ìwé. Àgọ́ tí ènìyàn fúnra rẹ̀ pa, tí kò ní ọjọ́ ìlọ, ìyẹn ni kò lè fojú rí.

Aago márùn-ún ìdájí

Ẹ jẹ́ ká wálé sọ́dọ̀ ara wa. Oṣù Kejìlá ní Èkó lónìí, orin ló kún ibi gbogbo. A máa ń lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n á kọ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì, olórin ńlá á yọ ní aago mẹ́ta òru, á kọrin fún ìṣẹ́jú ogójì. Ní aago márùn-ún ìdájí, gbogbo èèyàn á wà lójú títì, tí wọ́n gbé bàtà dání, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tó ń lọ Mile 2. A ò sùn, àmọ́ a ò ṣe àìsùn náà. Ẹni tó dúró tì wá láti òru, a ò mọ orúkọ rẹ̀.

A mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ Èkó wọ́n, ààbò ò dájú, ta ló fẹ́ sùn sínú tẹ́ǹtì ní etí òkun lóru? Tí ẹ bá sọ "kámpù" fún àwọn ìyá wa, ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni ọkàn wọn ń lọ, nítorí ìjọ ló kù tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èrò púpọ̀ wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe níbòmíràn ní Áfíríkà. Ní Mali, láti ọdún 2001, àwọn èèyàn ń sùn sínú àgọ́ lórí iyanrìn níbi Festival au Désert, títí ogun fi dé ní 2012. Ní Uganda, láti 2015, àwọn ọ̀dọ́ ń pàgọ́ nítòsí odò Nile fún Nyege Nyege. Àwọn olórin tó pàdé ní irú ibẹ̀ máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí wọ́n jọ jí láàárọ̀. Ìtàgé á fi olórin han èrò. Àgọ́ ló máa ń fi olórin han olórin.

Àwa ò ní kí ìjọba tún kọ́ ìlú mìíràn. Ìlú wà nílẹ̀, àwa la wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin pàápàá ti wà láti Mile 2 lọ sí Marina láti 2023, ó sì ń dúró ní ibùdókọ̀ tó wà nítòsí ilé ìtàgé ńlá Iganmu. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá sùn sí Festac lè wọ ọkọ̀ lọ síbi ìtàgé láìsí bọ́ọ̀sì ìjọba. Ohun tó kù ni kí ayẹyẹ tó bọ̀ rántí béèrè ibi tí olórin láti Kútọnu tàbí Accra máa sùn sí, kó sì wá yàrá fún un lọ́dọ̀ ará Festac dípò hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ti ní bá ẹnikẹ́ni pàdé.

Ẹni tó se oúnjẹ

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí a ti ní. Gil ní álíbọ́ọ̀mù. Caetano ní orin. Nance ní ìwé. Ìjọba àpapọ̀ ní CBAAC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 láti tọ́jú ìwé, fíìmù àti àwòrán FESTAC. Àlejò ti sọ tirẹ̀, ìjọba ti kó tirẹ̀ jọ. Ẹni tó kù ni ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó gbá ilẹ̀, ẹni tó wa bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń túmọ̀ Faransé fún àwọn ará Senegal, àti ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ́yìn tí àlejò jáde. Awakọ̀ tó jẹ́ náírà méjì àtààbọ̀ nínú orin Caetano, ó ní orúkọ.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1977 ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ó tilẹ̀ lè ti kọjá rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń jókòó síwájú ilé ní 2nd Avenue, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, tí à ń kí wọn "Ẹ káàárọ̀, sà" tí a sì ń kọjá lọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, tí ẹ̀rọ tó ní ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo bá fẹ́ kú, kò sẹ́ni tó ń ṣe ìpàdé lé e lórí. Ẹ̀dà nìkan ni wọ́n ń sáré ṣe. Àwọn àgbà yìí ni ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà.

Irinṣẹ́ tó yẹ kí olùkọ́ àṣà ní, ó wà lápò wa: fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ìbéèrè náà ò sì le. Ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí FESTAC túmọ̀ sí fún Áfíríkà, wọ́n á kàn ka ohun tí ìjọba kọ fún yín ni. Ẹ bi wọ́n pé: Bàbá, ilé wo lẹ ṣiṣẹ́ sí? Màmá, kí lẹ sè lọ́jọ́ yẹn, ta ló sì ní ata rẹ̀ ti pọ̀ jù? Orin wo ni àlejò ń kọ tí wọ́n bá ti iṣẹ́ dé? Èwo nínú wọn lẹ ṣì ń rántí orúkọ rẹ̀? Kí wọ́n dáhùn lédè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí a sì fi ohùn náà síbi tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ín. Gil pàápàá, nígbà tó di mínísítà àṣà ní Brazil láàárín 2003 sí 2008, ohun tó jà fún nìyẹn: kí àṣà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ni ín lè ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons.

Tí irú àkójọ yẹn bá wà, a ó lè ka ìwé Nance lọ́nà mìíràn. A ó rí ẹni tó dúró lẹ́yìn nínú àwòrán, a ó sì lè wí pé, "Màmá yẹn nìyẹn, C Close ni wọ́n ń gbé." A ó gbọ́ Refavela, a ó sì ní orin tiwa láti fi dá a lóhùn, nítorí álíbọ́ọ̀mù tó béèrè pé bàbá àgbà dà kò yẹ kó gba ìdákẹ́jẹ́ láti ìlú tó ti inú rẹ̀ wá. Níwọ̀n ìgbà tí èyí ò bá tíì ṣẹlẹ̀, àlejò nìkan ni yóò máa sọ fún wa bí ilé wa ti rí, àwọn tó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ 29 á sì máa rántí rẹ̀ ju àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.